Bí Olùkọ́ Ṣe Ń Kó Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ Kẹ́kọ̀ọ́ Létí Odò

Ìrìn àjò ẹ̀kọ́ sí ibi tí kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́, bí etí odò kékeré kan, kì í bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá gbéra. Inú ìbéèrè kan tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò lè dáhùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Báwo ni omi odò yìí ṣe ń yára tó, ṣé ó sì mọ́? Odò nìkan ló lè fèsì. Bí kò bá sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ yóò lọ, wọn yóò wò yíká, wọn yóò sì padà láìmọ ohun tí wọ́n lọ wò.

Olùkọ́ ní láti kọ́kọ́ dá rin ọ̀nà náà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ní wákàtí kan náà tí yóò kó àwọn ọmọ lọ. Yóò wo ibi tí wọn yóò ti sọdá títì, ibi tí omi kò ti ju orúnkún ọmọ tó kéré jù lọ, àti ibòji tí wọn yóò sinmi sí. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá òjò ti rọ̀ ní apá òkè odò, nítorí omi lè kún lójijì níbi tí ojú ọjọ́ ti mọ́ kedere. Ìwé ìyọ̀nda àwọn òbí yóò ti pé lọ́wọ́. Àgbàlagbà kan yóò máa rìn lẹ́yìn bí olùkọ́ ṣe wà níwájú. Wọn yóò ka àwọn ọmọ kí wọ́n tó kúrò, nígbà tí wọ́n bá sọdá títì, nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, àti kí wọ́n tó padà.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa fo ìpele tó tẹ̀lé èyí, ó sì dun ni, nítorí òun gan-an ló ń pinnu iye ohun tí ọmọ yóò rí kọ́. Ní ọdún 1994, Nir Orion àti Avi Hofstein, tí wọ́n ṣèwádìí lórí irú ìrìn àjò yìí, ṣàlàyé pé ohun mẹ́ta tó ṣàjèjì ló máa ń gba ọkàn akẹ́kọ̀ọ́: ẹ̀kọ́ tí kò tíì mọ̀, ibi tí kò dé rí, àti àìmọ bí ọjọ́ náà yóò ṣe lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí olùkọ́ ya ọ̀nà náà sójú pátákó, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn lo tépù àti aago nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì sọ ìgbà ìsinmi fún wọn. Ọmọ tó ti mọ ìgbà tí òun yóò jẹun kò ní máa ro oúnjẹ létí odò.

Tí wọ́n bá débẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti wo ibẹ̀ kí ara wọn lè balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin yóò wọn mítà 10 lẹ́bàá odò. Ẹnì kan yóò ju ọsàn sómi díẹ̀ sókè ibi tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kejì yóò pariwo bó bá kọjá òpin rẹ̀, ẹnì kẹta yóò mú aago dání, ẹnì kẹrin yóò máa kọ̀wé. Ọsàn dára ju ewé gbígbẹ lọ, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ máa ń rì, afẹ́fẹ́ kò sì ní lè tì í kiri. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 20, ojú omi ń rìn ní ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n omi ìsàlẹ̀ tó ń ha ilẹ̀ odò kì í yára tó ti òkè, nítorí náà ni wọ́n ṣe sábà máa ń fi 0.85 sọ ìdáhùn náà di púpọ̀.

Ní ti mímọ́ omi, abẹ́ òkúta ni kí wọ́n wò. Wọn yóò rọra yí i padà, wọn yóò kọ ohun abẹ̀mí tó lẹ̀ mọ́ ọn sílẹ̀, wọn yóò sì dá òkúta padà bó ṣe wà. Ọmọ mayfly, kòkòrò kan tó ń dàgbà nínú omi, nílò ọ́síjìn púpọ̀ nínú omi, nítorí náà bí wọ́n bá rí i, ó ṣeé ṣe kí omi náà mọ́. Àwọn ìdin pupa kan wà ní tiwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń di ọ́síjìn mú, tí wọ́n sì lè gbé inú ẹrẹ̀ tí ọ́síjìn kò pọ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ ìdin wọ̀nyí nìkan ló kún ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìdọ̀tí máa wọ odò náà.

Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ tó kù, kí ojú ohun tí wọ́n rí tó parẹ́ lọ́kàn wọn. Iye tí àwọn ẹgbẹ́ mú wá kì í sábà bára mu: ẹgbẹ́ tó ju ọsàn sí àárín odò yóò ní ìyára tó ju ti àwọn tó jù ú sí ẹ̀gbẹ́. Kí olùkọ́ má tètè sọ ìdí rẹ̀. Kí àwọn ọmọ ya odò náà, kí wọ́n sì sàmì sí ibi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ju ọsàn tirẹ̀.