Ẹ fi garawa wọn epo kí bàálù tí ẹ tò tó gbéra

Bí ẹ́ńjìnnì bàálù tí ènìyàn tò fúnra rẹ̀ nílé bá kú lókè, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ́ńjìnnì kọ́ ló jẹ̀bi. Epo ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iléeṣẹ́ ló ṣe ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ni bàálù ló so páìpù epo. Èérún irin àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí ojú táǹkì á ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, wọ́n á lọ dí asẹ́. Páìpù tó sún mọ́ sàlẹ́ńsà á gbóná, epo inú rẹ̀ á di oru. Agbọ́n pàápàá lè mọlé sí ihò tí táǹkì fi ń mí.

Ilẹ̀ la ti ń mọ èyí. Ẹ gbé imú bàálù sókè bí ìgbà tó ń gun òkè, nítorí bí ó bá tẹ́ lórí ilẹ̀, epo á ṣàn dáadáa á sì tàn yín jẹ. Ẹ fi epo díẹ̀ sílẹ̀ nínú táǹkì, ẹ tú páìpù lẹ́nu kabúrétọ̀, ẹ dà á sí garawa onírin tí ẹ ti fi wáyà so mọ́ bàálù kí iná má baà ta, kí ẹ sì máa wo aago. Ká ní ẹ́ńjìnnì yín ń mu lítà 40 ní wákàtí kan tí ẹ bá fún un ní gbogbo agbára. Bí epo bá ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ìlànà FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, ń fẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀: lítà 60, ìyẹn lítà kan ní ìṣẹ́jú kan. Bí pọ́ǹpù bá ń tì í, lítà 50. Táǹkì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ dán wò lọ́tọ̀.

Yìnyín tún wà nínú kabúrétọ̀, ooru ilẹ̀ wa kò sì gba ni lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀. Ẹ tètè ṣí ooru sí i, torí ara sàlẹ́ńsà ni ooru náà ti ń wá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ó ń tutù lọ nìyẹn.

Tó bá wá kú lẹ́yìn tí ẹ gbéra ńkọ́? Ẹ tẹ imú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí àyè bá wà, ẹ yí sí táǹkì mìíràn, ẹ tan pọ́ǹpù, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ má yí padà sí pápá. Bàálù tí ìyẹ́ rẹ̀ kì í gbé e mọ́ bí eré bá já sí kìlómítà 80 ní wákàtí, tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 45 láti yí padà, ìyẹ́ rẹ̀ kò ní gbé e mọ́ láti 95. Iwájú ni kí ẹ ti wá ilẹ̀, kí ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́. Ẹ pa epo àti iná, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ kó má baà há, ẹ fún bẹ́líìtì. Kí ìyẹ́ tẹ́ rekete, kí eré sì kéré: agbára tí bàálù fi ń kọlu ilẹ̀ ní eré kìlómítà 70 ní wákàtí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti 100.