Ohun tí ẹ rí nínú fáìlì géèmù, wọn ò fi í pa mọ́ fún yín

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú inú géèmù ogun wò: "Wọ́n ti ṣe é tán, wọ́n kàn fi dù wá ni." Wọ́n á ti rí orúkọ ọkọ̀ ogun kan nínú fáìlì, tàbí kí wọ́n gbọ́ ohùn ọ̀gágun kan tí wọn ò pàdé rí, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí wọn. Wọ́n gbà pé ojúlówó géèmù ṣì wà nísàlẹ̀, pé ìlà kan péré ni èèyàn máa yí padà tí gbogbo rẹ̀ á fi jáde. Èmi náà gba èyí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú géèmù Red Alert 2 tó jáde ní 2000. Fáìlì kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ rules.ini. Inú àpò .mix ni wọ́n dì í sí, ẹ ó kọ́kọ́ fi XCC Mixer, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣí irú àpò bẹ́ẹ̀, fà á jáde, ṣùgbọ́n tó bá ti jáde, Notepad lásán ló ń ṣí i. Gbogbo ọmọ ogun, ilé àti ọkọ̀ ló ní abala tirẹ̀ níbẹ̀. Cost ni owó tí ẹ ó fi kọ́ ọ, Strength ni bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, Owner ni àwọn tó lè ni ín. Èyí tí gbogbo ayé ń wá kiri ni TechLevel. Níbi tí ẹ bá ti rí TechLevel=-1, ẹ ò lè kọ́ nǹkan náà rárá.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo yí -1 padà sí 1, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ṣí géèmù, bọ́tìnnì tuntun sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò ní àwòrán tirẹ̀, àwòrán tí géèmù máa ń fi dí àlàfo ló gbé sójú rẹ̀. Mo sanwó, mo dúró dè é. Ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ṣí, n kò sì rí nǹkan kan tó jáde. Ìgbà tí mo fi mọ́ọ̀sì yí ibẹ̀ ká ni mo rí ìlà aláwọ̀ ewé tó ń fi ẹ̀mí hàn, òun nìkan lókè ilẹ̀. Mo ní kó lọ, ìlà náà ń lọ. Ọkọ̀ ogun tó ní agbára, tó ní iye owó, tí kò ní ara.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ kan nínú géèmù kì í ṣe ìlà kan. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń sọ bí ó ṣe máa rí lójú, ìyẹn art.ini. Ìbọn rẹ̀ ní abala tirẹ̀, bí ìbọn yẹn ṣe ń pa nǹkan lára tún ní tirẹ̀, ohùn rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Kọ̀ǹpútà tí ẹ ń bá jà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, ai.ini, bí wọn ò bá sì kọ ọkọ̀ náà síbẹ̀, kò ní kọ́ ọ láéláé. Iye owó tí ẹ rí níbẹ̀ lè jẹ́ nọ́ńbà tí ẹnì kan kàn fi síbẹ̀ ní ọjọ́ kan, kó lè rí nǹkan dánwò.

Kí ló dé tí wọn ò yọ ọ́ kúrò nígbà náà? Nítorí pé yíyọ rẹ̀ léwu ju fífi í sílẹ̀ lọ. Nínú Age of Empires II, tó jáde ní 1999, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa ọ̀kan yọ láàárín, kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún sókè, ohun tó yẹ kó pe ọ̀kan lè wá pe òmíràn. Ta ló máa dán irú ìyẹn wò nígbà tí ọjọ́ ìtajà ti sún mọ́lé? Wọ́n á sé ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, wọ́n á sì kọjá.

Òmíràn jẹ́ ogún. Ara ẹ̀rọ géèmù Tiberian Sun ti 1999 ni wọ́n ti kọ́ Red Alert 2, ìdí nìyẹn tí góòlù tí ẹ ń wà nínú rẹ̀ fi ń jẹ́ Riparius nínú rules.ini, lábẹ́ àkọlé Tiberiums; Tiberium ni ohun tí wọ́n ń wà nínú Tiberian Sun. Mo ti rí ẹni tó fi èyí ṣe ẹ̀rí pé wọ́n gbé ìtàn kan pa mọ́. Orúkọ bàbá ló ṣẹ́ kù sára ọmọ.

Òmíràn sì wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Nínú Zero Hour ti 2003, àfikún géèmù Generals, ọmọ ogun ọ̀gágun tó kẹ́yìn nínú Generals Challenge, níbi tí ẹ ti ń bá àwọn ọ̀gágun jà lọ́kọ̀ọ̀kan, wà nínú fáìlì lódindi, wọ́n kọ PlayableSide = No sí i lára, ìyẹn ni pé ẹ ò lè yàn án. Alátakò ni.

Ohun tí wọ́n gé lóòótọ́ wà o, n kò sẹ́ ẹ. Nínú Zero Hour kan náà, ẹ ò ní pàdé ọ̀gágun Shin Fai àti Juhziz lójú ogun Generals Challenge, bẹ́ẹ̀ ohùn wọn wà níbẹ̀, wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí. Àwọn tó ń ṣe mod, ìyẹn àtúnṣe tí àwọn olólùfẹ́ géèmù ń ṣe sí i, ti dá àwọn ọ̀gágun yìí padà, àwọn èèyàn á sì ní wọ́n "ṣí i" ni. Ṣí kí ni? Ẹnì kan jókòó ya ilẹ̀ ogun, ó kọ bí ọ̀tá ṣe máa ronú, ó gbé ohùn sí ibi tó yẹ, ó pàdánù nínú ogun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe léraléra kó tó rí i pé ó le ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ó parí. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má sì retí pé ẹ ó yí nọ́ńbà kan, kí ẹ wá bá ọ̀rẹ́ yín ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú irú géèmù wọ̀nyí, kọ̀ǹpútà kì í fi ibi tí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan wà ránṣẹ́ sí ara wọn. Àṣẹ nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, kálukú á wá ṣe ìṣirò tirẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá ń gba 700 lọ́dọ̀ yín, tó ń gba 900 lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín, kò ní pẹ́ tí ogun méjèèjì ò fi ní jọra mọ́, géèmù á sì dúró. Mod kan náà, ẹ̀dà kan náà, ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo yín.

Ní 2025, EA, ilé iṣẹ́ tó ni àwọn géèmù náà, gbé kóòdù Generals àti Zero Hour síta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ kóòdù lè bẹ̀rẹ̀ láti rules.ini yẹn náà. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé àmì yìí: ; . Géèmù kì í kà wọ́n. Àwọn tó ṣe é ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún ara wọn, níbòmíràn ẹ ó sì rí nọ́ńbà àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, níbi tí ẹnì kan ti yí èrò rẹ̀ padà.