Màmá gba máàkì 11: kí ni nọ́ọ̀sì ICU ń wò lára aláìsàn?

Ọmọbìnrin kan dá mi dúró ní kọ́rídọ̀ lọ́jọ́ kan. Láti Bẹẹrẹ ló ti ń wá wo màmá rẹ̀ láràárọ̀. Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, mo rí 11 nínú ìwé màmá mi. Nínú mélòó ni? Ṣé wọ́n fèèlì ni?" Ojú rẹ̀ ti ń ṣomi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ICU, wọ́ọ̀dù tí a ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ní Ìbàdàn yìí, ó sì dùn mí pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un nínú wa. Ìbéèrè rẹ̀ àti ti àwọn ẹbí mìíràn ni mò ń dáhùn níhìn-ín.

Kí ni máàkì 11 yìí?

Máàkì ewu egbò àdùbúlẹ̀ ni, egbò tó máa ń yọ sí ìdí tàbí gìgísẹ̀ ẹni tó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Barbara Braden àti Nancy Bergstrom, nọ́ọ̀sì méjì ní Amẹ́ríkà, ló ṣètò ìwé tí a fi ń gbà á, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1987. Nǹkan mẹ́fà la ń wò: ṣé aláìsàn ń mọ ìrora lára, ṣé òógùn tàbí ìtọ̀ ń rin awọ rẹ̀, ṣé ó ń dìde rìn, ṣé ó lè yí ara rẹ̀ padà, báwo ni oúnjẹ ṣe ń wọlé sí i, ṣé ara rẹ̀ ń ha aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ara rẹ̀ le jù á gba 23, ẹni tó wà nínú ewu jù á gba 6. Láti 18 wálẹ̀, ewu ti wà.

Ẹ̀rọ ló ń bá màmá yìí mí, oògùn oorun sì wà lára wọn. Wọ́n gba 2 fún mímọ ìrora, 3 fún awọ tó ń rin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 1 fún ìrìn, 1 fún yíyí ara padà, 3 fún oúnjẹ tó ń gba rọ́bà imú wọlé, 1 fún híha. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 11, ewu ńlá sì ni. Wọn ò fèèlì. Iṣẹ́ tiwa ló pọ̀ sí i.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, wọn ò ṣubú. Ibo ni egbò ti wá?

Tí ẹ bá jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, ìdí á ta yín, ẹ ó sì sún. Lójú oorun pàápàá, à ń yí padà láìmọ̀. Ẹni tí oògùn oorun wà lára rẹ̀ kì í mọ̀ pé ìdí ń ta òun. Egungun á tẹ ẹran ara mọ́ fóòmù, iṣan ẹ̀jẹ̀ á pa dé, ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun lọ́hùn-ún ló sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ń dá kún un. Noradrenaline tí a fi ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ró máa ń fún iṣan kéékèèké inú awọ pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ọkàn àti ọpọlọ. A tún ń gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè kí ohun inú ikùn má baà gòkè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ara á wá máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀: awọ lẹ̀ mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, egungun inú sì ń sún lọ. A ò lè torí egbò pa méjèèjì tì.

Tí gbogbo èrò ICU bá ń gba máàkì kékeré, kí ni ìwúlò rẹ̀?

Òótọ́ lẹ sọ. Wọn ò torí ICU nìkan ṣe ìwé Braden, nítorí náà kò lè fi bẹ́ẹ̀ ya ẹni tí egbò máa yọ lára rẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín wọn. Kò béèrè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kò béèrè ọ́síjìn. Ìwé mìíràn wà fún ICU, COMHON lorúkọ rẹ̀, tó ń béèrè méjèèjì. Láti 5 dé 20 ni tirẹ̀, àmọ́ níbẹ̀, bí máàkì bá ṣe ń gòkè ni ewu ń pọ̀. 15 nínú Braden, ewu díẹ̀ ni. 15 nínú COMHON, ewu ńlá ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé tó jẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rù.

Lójú tèmi, máàkì tí a kọ tí a ò ká aṣọ ìbora sókè kò ṣe aláìsàn lóore kankan. Ìpàkọ́, egungun òkè ìdí, gìgísẹ̀ ni ká wò, àti abẹ́ gbogbo rọ́bà: igun ẹnu, etí, orí imú tí ìbòjú ọ́síjìn ń tẹ̀.

Wọ́n ní awọ máa ń pọ́n kó tó di egbò. Tiwa tó dúdú ńkọ́?

Pípọ́n yẹn lè má hàn rárá lára wa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí egbò lára aláwọ̀ dúdú. Ọwọ́ la fi ń wá a. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ìka kan gìgísẹ̀ ọ̀tún, kí n tó kan tòsì. Ṣé ọ̀kan gbóná ju èkejì lọ, àbí ó tutù jù ú? Mo á tẹ̀ ẹ́: ṣé ó le gan-an bí ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, àbí ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí èyí tó ti pọ́n jù? Mo á wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Tí ibì kan bá ṣú ju àyíká rẹ̀ lọ, tó dà bí ìgbà tí aró ta sí i, ara ibẹ̀ kò dáa nìyẹn, bí awọ ò tiẹ̀ tíì bó.

Kí la lè ṣe?

Ẹ má fi òróró tàbí spirit ra ojú ibi tó ń ṣú, ẹ má sì gbé òrùka rọ́bà sábẹ́ ìdí wọn. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n yí wọn kẹ́yìn. Wákàtí méjì-méjì ni ọ̀pọ̀ ń lò, àmọ́ bí aláìsàn bá ṣe rí la ń ṣe é. Ẹni tí yíyí ń já ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀, a lè máa tì í díẹ̀díẹ̀. Pílò á wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má fara kan bẹ́ẹ̀dì. Tí fóòmù aláfẹ́fẹ́ bá wà tí iná sì lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti rọ̀, kí ẹ pè wá.

Tí máàkì Braden bá gòkè, ṣé ewu ti lọ?

Kò tíì lọ. Ẹran tó kú nínú lè lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí awọ tó ṣú, aláìsàn á ti dé wọ́ọ̀dù nígbà náà. Màmá gba 16 lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ òsì wọn tutù ju tọ̀tún lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n gbé lọ, mo sì mú ọwọ́ ọmọ wọn kan ibẹ̀, kó lè mọ ibi tó máa máa fọwọ́ bà láràárọ̀.