Òkìtì Abẹ́ Òkun: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣọ́ Iyùn, Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Un Gbìn

Bí Ẹ̀wí Adó tàbí Ògògà Ìkẹ́rẹ́ bá gúnwà lọ́jọ́ ọdún, iyùn ọrùn wọn ni ojú àlejò kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ìyàwó tó ń re ilé ọkọ náà kì í ṣàìwọ iyùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń wọ̀ ọ́ ló gbà pé irú òkúta kan ni. Kì í ṣe òkúta rárá. Egungun ẹ̀dá abẹ̀mí ni, tí wọ́n yọ jáde nínú òkun Mẹditaréníà, tí wọ́n gé, tí wọ́n lu, tí wọ́n sì fá títí ó fi ń dán. Àwọn Potogí wà lára àwọn oníṣòwò tó kó o dé etíkun wa ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn.

Iyùn pupa yẹn ní ìbátan púpọ̀ nínú òkun tí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́, àwọn ìbátan náà ló sì ń kọ́ òkìtì. Ọ̀rọ̀ òkìtì kò ṣàjèjì sí Èkìtì, inú rẹ̀ ni orúkọ ilẹ̀ wa ti wá. Ṣùgbọ́n èyí tó jọ ti iyùn jù ni ọ̀gán tó wà létí oko. Ikán kò tó èékánná ọmọdé, síbẹ̀ ilé tó ń kọ́ a máa ga ju àgbàlagbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyùn. Ẹ̀dá rírọ̀ kékeré ni, ó ní ẹnu kan, ọwọ́ tín-ín-rín sì yí ẹnu náà ká. Ó ń fa èròjà inú omi òkun, ó ń sọ ọ́ di ilé líle, ohun kan náà tí ìkarahun ìgbín fi le. Èyí tó bá kú, àwọn tó wà láàyè á kọ́lé lé e lórí. Báyìí ni òkìtì tó wà létí Ọsirélíà ṣe gùn ju 2,300 kìlómítà lọ. Gbogbo òkìtì iyùn ayé kò gba ìdá 1 nínú 100 ilẹ̀ abẹ́ òkun, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 irú ẹ̀dá inú òkun ló ń fi ibẹ̀ ṣe ilé nígbà kan nínú ayé wọn. Òun náà ló ń já agbára ìgbì kó tó kọ lu ìlú etíkun.

Iyùn kò dá bọ́ ara rẹ̀. Inú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn ewéko wíntín-wíntín kan ń gbé, tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, wọ́n ń fún onílé nínú rẹ̀, àwọn ló sì ń fún un ní àwọ̀. Tí omi bá gbóná jù, àjọgbé náà á dàrú: iyùn á lé ayálégbé rẹ̀ jáde, á sì funfun báláú. Kò tíì kú nígbà náà, ebi ló ń pa á. Bí omi bá tètè tutù, ewéko á padà. Bí kò bá tutù, iyùn á kú, ewé yíyọ̀ bíi ti orí òkúta odò á sì bò ó.

Ooru tó ń fa èyí kò pọ̀ lójú ẹni. Bí omi bá fi 1°C ju ooru tó ga jù tó ti mọ́ iyùn ibẹ̀ lára lọ, tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tó. Ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì mọ̀ pé èèyàn lè yọ ẹsẹ̀ nínú omi gbígbóná, kó tì í bọ èyí tó tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iyùn kò lẹ́sẹ̀ tí yóò yọ.

Ooru nìkan kọ́ ló ń bá a jà. Níbi púpọ̀ ní Indonéṣíà, àwọn apẹja kan ju bọ́ǹbù sómi títí òkìtì fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìdọ̀tí ìlú, ajílẹ̀ oko àti erùpẹ̀ tí àgbàrá wọ́ kúrò lórí òkè ń bọ́ sínú òkun, wọ́n ń dí oòrùn mọ́ ọn lójú. Omi ẹlẹ́rẹ̀ tí Odò Ọya ń tú sí òkun wà lára ohun tí kò jẹ́ kí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ní etíkun tiwa.

Àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ kú kì í sáré kó èbù mìíràn sínú ebè kan náà láì wo ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí ṣíṣọ́ fi ṣáájú gbígbìn. Ojú kan ń ṣọ́ láti òkè. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí a ń pè ní NOAA ń fi sátẹ́láìtì wo ooru ojú òkun lójoojúmọ́, wọ́n pín òkun sí igun-igun tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó kìlómítà 5. Wọn kì í wo ooru òní nìkan, wọ́n ń ṣírò rẹ̀ bí gbèsè tó ń gun orí ara wọn. Bí omi bá fi 1°C kọjá ooru tó ga jù tó ti mọ́ iyùn lára fún ọ̀sẹ̀ 4, gbèsè rẹ̀ di 4. Bí ó bá fi 2°C kọjá fún ọ̀sẹ̀ 4 yẹn, ó di 8. Tí gbèsè bá dé 4, kí wọ́n máa retí pé iyùn yóò funfun. Tó bá dé 8, ikú ti ń bọ̀ nìyẹn. Ooru ọdún 2023 ga débi pé ìwọ̀n àtijọ́ kò gbà á mọ́, àjọ náà fi ìpele ìkìlọ̀ mẹ́ta mìíràn kún un.

Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kò lè sọ bóyá iyùn kan wà láàyè. Òmùwẹ̀ ló ń wò ó. Yóò na téèpù gígùn sórí òkìtì, bíi ti àwọn tó ń wọn ilẹ̀, yóò sì máa wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìdajì mítà sí ìdajì mítà: iyùn tó yè, iyùn tó kú, iyanrìn, ewé. Pẹ́ńsù ló fi ń kọ ọ́ sórí pátákó ike, nítorí bírò kì í kọ lábẹ́ omi. Àwọn mìíràn ń ya fọ́tò, kọ̀ǹpútà á sì bá wọn kà á. Ní Ọsirélíà, láti nǹkan bí ọdún 1985 ni ọkọ̀ ojú omi ti ń fi okùn fa òmùwẹ̀ yí òkìtì ká: ìṣẹ́jú 2 ni wọ́n á fi fà á, wọ́n á dúró kó kọ ohun tó rí, wọ́n á tún gbéra.

Ibi kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ padà sí, lọ́dọọdún. Nọ́ńbà òní kò wúlò bí kò bá sí ti àná tí a ó fi gbé e yẹ̀ wò. Irú ìwé àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ ní 2021 pé láàárín 2009 sí 2018, ìdá 14 nínú 100 iyùn ayé ti lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n kéde pé iyùn ń funfun káàkiri ayé fún ìgbà kẹrin, lẹ́yìn ti 1998, 2010 àti 2014 sí 2017. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ooru tó lè sọ iyùn di funfun ti kan nǹkan bí ìdá 84 nínú 100 òkìtì.

Iṣẹ́ gbígbìn ni àgbẹ̀ Èkìtì yóò tètè lóye. Wọ́n á ṣẹ́ ẹ̀ka iyùn kékeré bí ẹní gé igi pákí, wọ́n á fi okùn ìpẹja so ó mọ́ ọ̀pá ike tó dúró bí igi nínú omi. Nọ́sìrì ni, bíi ti kòkó. Omi ń fẹ́ sí i níbi gbogbo, oòrùn ń kàn án. Òmùwẹ̀ á máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ewé tó bá hù sára igi náà, ìyẹn ni ìroko tiwọn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á kó ọmọ náà lọ sí òkìtì, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì tàbí gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpáta.

Iyùn tó rí rìbìtì kì í yára dàgbà bíi ti ẹlẹ́ka. Ní Fulọ́rídà ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ iyùn kan, David Vaughan, ṣèèṣì fọ́ ọ̀kan, ó wá rí i pé àwọn ègé kékeré tó kù sílẹ̀ ń dàgbà kíákíá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gé e bí èbù, ègé tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Tí wọ́n bá tò wọ́n sítòsí ara wọn, wọ́n á dàgbà pàdé, wọ́n á lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, nítorí ara kan náà ni gbogbo wọn ti wá.

Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí gbogbo oko bá jẹ́ ọmọ ìyá kan, àrùn tó pa ọ̀kan yóò pa gbogbo wọn. Nítorí èyí ni àwọn kan, bíi onímọ̀ iyùn Peter Harrison ní Ọsirélíà, ṣe ń dúró de òru díẹ̀ lọ́dún, lẹ́yìn tí òṣùpá bá kún, tí iyùn ń tú ẹyin àti àtọ̀ sómi. Wọ́n ń kó o, wọ́n ń tọ́ ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ń dà wọ́n sórí òkìtì tó ti bàjẹ́. Ọmọ wọ̀nyí kò jọra, ó ṣeé ṣe kí a rí èyí tó lè fara da ooru nínú wọn.

Oṣù keje ọdún 2023 dán gbogbo rẹ̀ wò ní Fulọ́rídà. Ẹ̀rọ kan nínú omi tí kò jìn ní Manatee Bay ka 38.4°C. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ iyùn kúrò ní nọ́sìrì inú òkun, wọ́n kó wọn sínú táǹkì lórí ilẹ̀. Ní òkìtì Sombrero, ibi tí wọ́n ti gbin iyùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó lọ wò ó kò rí ọ̀kan tó yè nínú èyí tí wọ́n gbìn. Ọ̀rọ̀ náà dunni. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ ti sọ ní 2018 pé bí ayé bá fi 1.5°C gbóná ju ti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kò tíì dé lọ, ìdá 70 sí 90 nínú 100 òkìtì yóò lọ. Bí ó bá dé 2°C, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni.

Nítorí náà, iye tí wọ́n gbìn kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa pariwo rẹ̀. Èyí tó ṣì yè lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni èso iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kan ike kékeré tó ní nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn tí wọ́n gbìn. Òmùwẹ̀ á padà sí nọ́ńbà náà, á nu ewé kúrò lójú rẹ̀ kó lè kà á, á wọn iyùn rẹ̀, á ya fọ́tò, á fi pẹ́ńsù kọ “ó yè” tàbí “ó kú” sórí pátákó, á sì wẹ̀ lọ síbi tó kàn.