Bí Regex Ṣe Wọ Inú Object JavaScript

Ìlà ọ̀rọ̀ lásán ni regex, ìyẹn àpẹẹrẹ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀, wà fún. Stephen Kleene, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní 1951. Ní 1968, Ken Thompson, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fi í wá ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó ń ro ti object (àkójọ key, ìyẹn orúkọ, àti value, ìyẹn ohun tí orúkọ náà dì mú) tó ní object mìíràn nínú.

JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà tí Brendan Eich kọ ní 1995, kò ní regex. Netscape 4, browser kan, ló mú un wọlé ní 1997, Perl, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ni wọ́n sì wò ṣe é. String, ìyẹn ìlà ọ̀rọ̀, nìkan ni `test`, tó ń sọ bóyá regex bá nǹkan mu, mọ̀. Bí ẹ bá gbé object fún un, ó máa ń sọ ọ́ di `"[object Object]"` ná, ìyẹn ni yóò sì yẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí `/object/.test({})` fi ń dáhùn `true`, irọ́ gbáà!

Nígbà tí `JSON.stringify` dé pẹ̀lú ECMAScript 5, ìlànà JavaScript, ní 2009, ọ̀pọ̀ ló ń fi í sọ gbogbo object di string kan kí wọ́n tó wá nǹkan nínú rẹ̀. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n key àti value á dàrú mọ́ra, object tó bá sì tọ́ka padà sí ara rẹ̀ á mú àṣìṣe TypeError wá. Kí a wọ inú rẹ̀ ní ìpele-ìpele ló dára jù; `wa` yìí á dá ọ̀nà dé gbogbo string tó bá regex mu padà:

```
function wa(o, re, ona = [], ri = new WeakSet()) {
  if (typeof o === "string")
    return re.test(o) ? [ona.join(".")] : [];
  if (o === null || typeof o !== "object" || ri.has(o))
    return [];
  ri.add(o);
  return Object.entries(o).flatMap(
    ([k, v]) => wa(v, re, [...ona, k], ri));
}
```

Àṣìṣe 1995 ló fà á tí a fi ń yẹ `null` wò: `typeof null` ṣì ń dáhùn `"object"` títí di òní. `WeakSet`, tó dé ní 2015, tó ń rántí object tí a ti wọ̀, ni kò jẹ́ kí a máa yípo láìdáwọ́ dúró, àmọ́ object tó bá wà níbi méjì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò jáde. Ẹ má fi àmì `g` sí ẹ̀yìn regex yìí rárá. `g` ń mú kí `lastIndex` rántí ibi tí `test` dúró sí, string tó kàn á sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín, àwọn value tó bá a mu á fò kọjá láìsí àṣìṣe kankan tí a máa rí.

Stefan Goessner dá JSONPath, ọ̀nà tí a fi ń wá nǹkan nínú JSON (object tí a kọ bí ọ̀rọ̀), sílẹ̀ ní 2007. RFC 9535, ìlànà rẹ̀ tó jáde ní February 2024, wá fi `match` àti `search`, tó ń lo regex, kún un. Kí `match` tó gbà, regex gbọ́dọ̀ bá value mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. `search` ló ṣe bíi `test`.