Ẹní Pálọ̀ Làwọn Ààyè Ìgbọ́kọ̀sí Alẹ́ ní California

Nínú ilé tí èrò rẹ̀ bá ti pọ̀ ju yàrá lọ, pálọ̀ kì í jẹ́ pálọ̀ mọ́ bí ìròyìn aago mẹ́sàn-án bá ti parí. Wọn á ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn á gbé tábìlì àárín kúrò, wọn á tẹ́ ẹní. Kílẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n ti ká ẹní, àga ti padà sáyè ẹ̀, àlejò tó bá kanlẹ̀kùn laago méje ò ní mọ̀ pé èèyàn mẹ́rin ló sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ètò Safe Parking tí wọ́n ń ṣe ní àwọn ìlú California fún àwọn tó ń gbé inú mọ́tò wọn ò jìnnà sí èyí. Ṣọ́ọ̀ṣì, ọ́fíìsì ìjọba tàbí àjọ aláàánú tí ààyè ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ máa ń ṣófo lóru á yọ̀ǹda rẹ̀; mọ́tò á wọlé lálẹ́, á jáde láàárọ̀.

Ní Santa Barbara, àjọ New Beginnings ti ń ṣe é láti ọdún 2004. Wọn kì í kó gbogbo mọ́tò jọ síbì kan: mélòó kan níbí, mélòó kan lọ́hùn-ún, wọn kì í sì í pariwo àdírẹ́sì. Àjọ Safe Parking LA ṣí ààyè tiẹ̀ àkọ́kọ́ ní Los Angeles lọ́dún 2018. Ti ìforúkọsílẹ̀ ò ní ìtàn nínú: lásẹ́ńsì, ìwé ọkọ̀, inṣọ́ránsì. Kò sọ́tí, kò sí dídáná níta, kò sálejò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onírọ́bà tí wọ́n ń gbé kiri á wà níbẹ̀, omi ìfọwọ́ á wà, ẹ̀ṣọ́ tàbí ẹni tó ń yí ká wò á wà, òṣìṣẹ́ kan á sì máa bá wọn wá ilé tí wọ́n máa rẹ́ǹtì.

Ẹni tó bá ń rò pé onímọ́tò lè sùn síbi tó wù ú, kó wo òfin tí Los Angeles ṣe lọ́dún 1983, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ tó wà ní títì ṣe ibùgbé. Òfin náà ò sọ ohun tó ń sọ ọkọ̀ di ibùgbé. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2014, àwọn adájọ́ ní, ṣé èèwọ̀ ni kéèyàn jẹun nínú mọ́tò ni? Kó kó ìwé sínú ẹ̀ ńkọ́? Kó jókòó síbẹ̀ títí òjò á fi dá ńkọ́? Irú nǹkan táwọn tó pẹjọ́ ń ṣe nígbà tí ọlọ́pàá mú wọn nìyẹn. Kóòtù wọ́gi lé òfin náà. Ìlú ṣe òmíràn, tó sọ ní pàtó irú títì téèyàn ò gbọdọ̀ sùn sí. Lọ́dún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà wá dá ẹjọ́ Grants Pass, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó sì fún àwọn ìlú láṣẹ láti fìyà jẹ ẹni tó bá sùn síta, bí kò tiẹ̀ ríbòmíì sùn sí.

Àsìkò tí wọ́n bá fẹ́ ṣí irú ààyè yìí ládùúgbò kan lọ̀rọ̀ tó ń bíni nínú máa ń jáde. Àwọn ará àdúgbò á ní wọ́n fẹ́ gbé àgọ́ aláìnílé wá sẹ́yìnkùlé àwọn. Àgọ́ kọ́ o. Àgọ́ máa ń wà nílẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ lọ síbẹ̀ laago mẹ́wàá àárọ̀, ilẹ̀ tí wọ́n kùn ní ìlà funfun lẹ máa bá, àti bóyá ìyá àgbà kan tó ń gbọ́kọ̀ sílẹ̀ torí pé ó fẹ́ lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin.

Ìdájí ni gbogbo ọgbọ́n ètò náà wà. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, gíláàsì ọkọ̀ ti ṣe kùrukùru látinú wá, nítorí èémí èèyàn mẹ́ta ti wà nínú ẹ̀ mọ́jú. Ẹnì kan á fi apá ẹ̀wù nu tiẹ̀. Páálí fàdákà tí wọ́n fi bo wíńdò á máa wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà á ti tò níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọmọ á máa wá ẹsẹ̀ bàtà kan lábẹ́ síìtì. Ẹ́ńjìnnì kan á dún, òmíì á tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́fà sí méje, ẹní ti ká. Olùṣọ́ àgùntàn á wá bá ààyè rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa gbà kí wọ́n tún padà wá lálẹ́. Ilẹ̀ kan ṣoṣo, ó ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹnikẹ́ni ò sì fi bíríkì kan lé òmíì.

San Francisco gbìyànjú èyí tí wọn kì í ká. Wọ́n ṣí ààyè kan ní àdúgbò Bayview lọ́dún 2022, níbi tí ọkọ̀ ńláńlá tó dà bí ilé ti lè wà tọ̀sán-tòru. Ẹni tó bá ń gbé ibì kan lọ́sàn-án á fẹ́ iná, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti dé: iná mànàmáná ò tètè wọlé, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò. Jẹnẹrétọ̀, ní San Francisco! Ààyè náà ò kún tó bí wọ́n ṣe pète, owó tó ń jẹ ò kéré, wọ́n sì tì í pa lọ́dún 2025.

Síbẹ̀, ẹní pálọ̀ ní àléébù tiẹ̀. Àìsàn kì í jẹ́ kéèyàn lè dìde ká ẹní, mọ́tò náà sì máa ń ṣàìsàn. Ọ̀pọ̀ ààyè ló ń béèrè pé kí ọkọ̀ máa rìn, torí èyí tí kò bá lè jáde láàárọ̀ ti sọ pálọ̀ di yàrá nìyẹn. Àmọ́ ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí inṣọ́ránsì rẹ̀ ti tán láti oṣù mẹ́ta, òun gan-an ló sún mọ́ títì jù. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ́ lọ, bí wọ́n bá sì ti wọ́ ọ lọ, ilé ló lọ yẹn, pẹ̀lú aṣọ àti oògùn inú ẹ̀.

Ẹnì kan tún wà tí ètò náà ò rántí. Ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ ni, tàbí obìnrin tó ń tọ́jú arúgbó lóru. Ó níṣẹ́, ó nílásẹ́ńsì, mọ́tò rẹ̀ ń rìn dáadáa. Aago méje àárọ̀ ló máa ń ṣíwọ́, tí oorun ti ń kùn ún. Tó bá fi máa dé ẹnu géètì, àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti ń gbọ́kọ̀ sílẹ̀, á sì yí ọkọ̀ padà lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí láìbúrẹ́rì, níbi tí oòrùn ti ń ta sí gíláàsì iwájú.