Ìfàsẹ́yìn ni, kì í ṣe “ọrùn ìgò”

Inú máa ń bí mi tí mo bá rí i tí ẹnìkan kọ ọ́ pé káàdì gíráfíìkì tuntun tí òun rà, èyí tó ń ya àwòrán géèmù nínú kọ̀ǹpútà, bọ́ sí “ọrùn ìgò”. “Bottleneck” ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n túmọ̀ bẹ́ẹ̀: kí apá kan tó lọ́ra máà jẹ́ kí apá kejì sáré. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ló fẹ́ rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ yẹn? Ọrùn ìgò kò ṣẹ ẹnikẹ́ni lédè wa. Ibi tí a ti ń di ìgò mú ni. Àwọn kan sá fún un, wọ́n lọ mú “ìdènà”. Ìyẹn náà kò bá a mu. Ohun tí a bá dènà kì í kọjá, bẹ́ẹ̀ géèmù ṣì ń lọ, àwòrán ṣì ń jáde. Kò kàn yá tó bó ṣe yẹ ni.

Ìfàsẹ́yìn ni èmi ń pè é, mi ò sì ní yí i padà. Èèyàn lè fi sọ̀rọ̀: “pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ń fa káàdì sẹ́yìn.” Èèyàn lè fi béèrè pé èwo ló ń fa èwo sẹ́yìn, ìbéèrè yẹn gan-an sì ni ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn kó tó ra káàdì gíráfíìkì sínú kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́. “Ọrùn ìgò” kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ètò ẹ̀kọ́ àti ọrọ̀ ajé ni ìfàsẹ́yìn wà fún, kí n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ló dé? Ọ̀kan lè sáré, èkejì kò jẹ́ kó sáré: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbí.

Ẹ wo bíríkìlà àti lébírà tó ń gbé búlọ́ọ̀kù fún un. Pírósẹ́sọ̀ ni lébírà, káàdì ni bíríkìlà. Bí lébírà bá ti dàgbà, tó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló ń rọra gbé wá, bíríkìlà tó mọṣẹ́ jù á kàn dúró sórí ògiri, sìmẹ́ńtì á máa gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ lé e lọ, ẹ mú ẹni tó tún yá jù ú lọ wá: ògiri kò ní tìtorí ẹ̀ tètè ga.

Ká ní pírósẹ́sọ̀ yín ń lo 25 ms (1,000 ms ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan) láti ṣètò àwòrán kan, tí káàdì àtijọ́ ń fi 40 ms yà á. Àwòrán 25 lẹ máa rí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ wá ra káàdì tó ń fi 8 ms yà á. Ó lè ya 125, ṣùgbọ́n 40 péré lẹ máa rí, torí 40 ni pírósẹ́sọ̀ lè ṣètò. Káàdì olówó pọ́ọ́kú tó ń fi 20 ms yà á ì bá fún yín ní 40 yẹn kan náà.

Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ lọ síbi tí èrò pọ̀ sí nínú géèmù, kẹ́ ẹ dín rẹsolúṣọ̀n, ìyẹn iye àmì tóótòòtó tí káàdì ń fi ya àwòrán kọ̀ọ̀kan, kù láti 1080p sí 720p. Bí iye àwòrán bá fò sókè, káàdì ló ń fà yín sẹ́yìn. Bí kò bá kúrò lójú kan, pírósẹ́sọ̀ ni.

Mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí a ń ki káàdì àti pírósẹ́sọ̀ bọ̀, náà lè fa káàdì sẹ́yìn. PCIe ni ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà láàárín òun àti káàdì. Káàdì RX 6500 XT tó jáde ní 2022, ọ̀nà PCIe mẹ́rin péré ló ń gbà. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń lo PCIe 3.0, tó dàgbà ju PCIe 4.0 tí wọ́n ṣe káàdì yẹn fún, ohun tí ọ̀nà yẹn lè gbé á dín sí ìdajì, bí mẹ́mórì 4 GB rẹ̀ bá sì kún, géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Káàdì RX 580 ti 2017 ń gba ọ̀nà 16, àmọ́ ó ń jẹ iná tó 185 W, ẹ̀rọ tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kì í sábà gbé e.

Bí pírósẹ́sọ̀ tiyín bá jẹ́ Core i5-3470, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ kọjá káàdì GTX 1650 tí kì í gba wáyà iná lọ́tọ̀. Ẹ fi owó tó kù wá pírósẹ́sọ̀ Core i7-3770: ojú ihò kan náà ló ń wọ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, okùn iṣẹ́ 8 (iye iṣẹ́ tó lè ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ló sì ń dì mú níbi tí tiyín ti ń di 4 mú. Ẹ kọ́kọ́ yẹ àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù yín wò, bóyá ó gbà á.